Àwo Idẹ Orí Ihò Àsálà

Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni Abdón Cárcamo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha ọ̀dà kúrò lára rọ́bà ilẹ̀kùn irin kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ogun Almirante Urrutia. Ọ̀dà náà ti le bí eyín. Bí ó bá fi ipá ha á, ọ̀bẹ á gé rọ́bà. Bí ó bá rọra jù, ọ̀dà kò ní ṣí. Nítorí náà ó ń ha á ní ìwọ̀n èékánná kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gbá èérún rẹ̀ sínú agolo. Ilẹ̀kùn mọ́kànlá ló ti parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí ni ìkejìlá, òun náà ló sì burú jù.

Rọ́bà kì í ṣe ohun tí à ń kùn. Rọ́bà ló ń dí omi lọ́nà nígbà tí ilẹ̀kùn bá padé mọ́ férémù rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti gorí rẹ̀, ó kú nìyẹn, á gan, á sán, omi á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní Talcahuano, èbúté ọkọ̀ ogun Chile, ní oṣù karùn-ún ọdọọdún, bí àjọ̀dún àwọn ológun ojú omi bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn á kó búrọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọ ogun tuntun, wọn á ní kí wọ́n má fi ibì kankan sílẹ̀. Wọn kì í sì í fi ibì kankan sílẹ̀.

Bí ọ̀bẹ ṣe ń wọlé ni ìtàn ọkọ̀ náà ń jáde. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú ló wà lókè, ìpele méje, tí ọmọ Chile kùn láti ọdún 1962 tí Abdón àti igba ọkùnrin lọ gba ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà fẹ́lẹ́ kan tó ti ṣá wà, ti àwọn ọdún tí ọkọ̀ náà fi so mọ́lẹ̀ nínú odò kan ní Philadelphia láìní ẹnì kan nínú, tí wọ́n fi àpò bo ẹnu àwọn ìbọn rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn ni àwọ̀ aró dúdú, ọ̀dà ogun. Ọdún 1943 ni wọ́n kọ́kọ́ kùn ún, nígbà tí ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi, tí wọ́n sì rán an lọ sí àárín àwọn erékùṣù tí bàálù ọ̀tá ti ń já lu ọkọ̀ tòun ti awakọ̀ inú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni pupa wà, àwọ̀ tí wọ́n fi ń bí gbogbo ọkọ̀. Abdón kò nílò ìwé láti mọ èyí. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ ló sì fi sìn lórí omi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù kí ó gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

"Baba, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ wá jẹun." Nolasco Barría ló pè é láti inú yàrá ìtọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Nolasco ló fẹ́ Edelmira, ọmọ Abdón kan ṣoṣo. "Edelmira fi milcao ránṣẹ́. Ó ní èyí tó tóbi ni ti bàbá òun."

"Èyí tó tóbi náà dà?"

"Mo ti jẹ ẹ́, sà."

"Olè."

"Ẹ má pè mí lólè, baba. Ará Talcahuano ni mí, a kì í rí ọ̀dùnkún jẹ yó níbí. Ẹ̀yin ará Chiloé, inú ebè ọ̀dùnkún ni wọ́n ti bí yín, ẹ fi ìyókù ṣàánú wa."

Abdón kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó nawọ́ gba búrẹ́dì ọ̀dùnkún tó kù, ó sì jẹ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì.

Yàrá tí Nolasco ń fi gírísì pa irin rẹ̀ yìí kò fẹ̀ ju ilé adìẹ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń yí irin ìtọ́kọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ wà. Bí ìdarí òkè bá kọṣẹ́, ọwọ́ ni àwọn tó wà níbẹ̀ á fi yí i. Ìdí nìyí tí ènìyàn mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbàkígbà tí òkun bá ń ru. Wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i àfi bí àṣẹ bá ti òkè wá. Nolasco ni olórí àwọn mẹ́ta náà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni Urrutia máa ṣíkọ̀ lọ sí gúúsù, sí Golfo de Penas, agbami tí ìjì rẹ̀ le, nínú oṣù keje, àárín ìgbà òtútù wọn, nígbà tí àwọn apẹja pàápàá ń so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Láti àná ni ọwọ́ ẹ̀rọ tí ń wọn ojú ọjọ́ ti ń lọ sílẹ̀, àmì pé ìjì ń bọ̀.

Abdón parí híha, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi kun etí férémù yípo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí ọwọ́ irin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ń dè é, ó sì tún ṣí i. Ìlà funfun gbọ́dọ̀ hàn lára rọ́bà yípo láìjá. Ó já ní igun ìsàlẹ̀, kò ju gígùn àtàǹpàkò lọ. Omi kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ ègé rọ́bà náà, ó gé tuntun dí i, ó tún fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìlà náà pé.

Nolasco bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ti pé pérépéré. Bí òkun bá wá kí wa nínú ibí, baba, kò ní rí ọ̀nà gbà kọjá wá bá yín." Ó rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Abdón dúró lórí rọ́bà náà. Ó bọ́ sínú yàrá láti ha etí ilẹ̀kùn lápá inú.

Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ojú irin náà kò tẹ́jú. Bí ọ̀dà ṣe ń ṣí, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọjú, ọ̀dà tó kún inú wọn ti le gbagidi. Kì í ṣe ìpẹtà. Irin ni wọ́n fi lu irin níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ́pọ̀ ìgbà. Lílù náà ti la ọ̀dà aró dúdú já dé orí pupa, ọ̀dà àwọn ọdún ìdákẹ́jẹ́ ló sì bò ó. Ẹni tó lù ú lù ú kí ogun tó parí, nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà.

Abdón gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Nolasco. Àwọn ojú àpá náà bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbáyà ènìyàn. Òmíràn wà ní ìwọ̀n orí. Òmíràn ga ju ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé lọ. Ó ha ògiri tó tẹ̀ lé ilẹ̀kùn, ó bá wọn níbẹ̀. Ó gun orí àpótí, ó ha àjà. Wọ́n yí etí ihò àsálà ká, ihò róbótó tó gba àjà lọ sí òkè ẹ̀yìn ọkọ̀ kí àwọn inú yàrá lè gbà á sá jáde, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ bí ojú ṣọ̀pọ̀ná.

"Báwo ni wọ́n ṣe dé òkè bẹ́ẹ̀?" Nolasco bèèrè.

"Omi ló ń gbé wọn lọ."

Àwàdà tán lẹ́nu Nolasco.

Ní Philadelphia, ní 1962, arúgbó ẹlẹ́rọ kan tó fa ọkọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́ ti fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn yìí, ó ní, "Ilẹ̀kùn tó dára ni. Ní 1945, nígbà tí bọ́ǹbù bà wá ní ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ló gba ọkọ̀ là." Ó na ìka méje sókè, ó sì yíjú kúrò. Abdón rò pé ìbọn méje ló ń sọ, tàbí wákàtí méje. Kò bèèrè. Ọdún méje ló sì ti fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọ ogun tuntun bí oríkì: ilẹ̀kùn tó dára. Nísinsìnyí ló yé e pé ènìyàn méje ni ìka wọ̀nyẹn, àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ nínú omi.

"Baba," Nolasco wí jẹ́jẹ́, "kí ló dé tí wọn ò gba òkè jáde?"

Abdón di kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí ọmọrí ihò àsálà mú, ó yí i. Ó yí wẹ́rẹ́, epo wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i lọ́dọọdún tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá dé, tí á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ó dára." Wọn kì í tì í sókè, torí bí ọmọrí bá gbéra, á fọ́ ọ̀dà tuntun tó wà lókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í báyìí. Kò mì. Nolasco gun àpótí tì í, ó fi èjìká kún un. Àwọn méjèèjì tì í títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Bí ẹni ń ti òkè ni.

"Kí ló wà lórí rẹ̀?"

Abdón jókòó sórí agolo gírísì. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Inú ilé laṣeni ń gbé. Ó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ní 1963, ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n ní nígbà náà mú kí wọ́n rọ àwo idẹ kan tó fẹ̀ bí àtẹ. Ìtàn iṣẹ́ ọkọ̀ náà ló wà lára rẹ̀: ọjọ́ tó wọ omi, erékùṣù tó jà sí, ọkọ̀ ọ̀tá tó rì, ọjọ́ tí àsíá Chile gòkè. Ó fẹ́ ibi tí àlejò á ti rí i lójú ẹsẹ̀. Ní àárín òkè ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, ọmọrí róbótó kan wà tó yọrí díẹ̀, ó tẹ́jú, ó sì bá àwo náà mu. Ẹni tó yọ kẹ̀kẹ́ òde kúrò kí àwo náà lè jókòó dáadáa, tó lu ihò mẹ́rin, tó fi bóòtì mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀, Abdón Cárcamo ni. Ó ní òun á wá ibòmíràn fún un bó bá yá. Wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n kun ọ̀dà yí àwo náà ká, gbogbo ènìyàn sì gbàgbé pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gòkè tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí i, kí ó gbé ọwọ́ sí fìlà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí á fi máa tàn. Àwo náà ka ọdún, ó ka ogun. Kò ka ènìyàn kankan.

Ohun tó dí ihò náà mọ́ àwọn méje ìgbà yẹn, Abdón kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó dí i báyìí, òun ló gbé e síbẹ̀.

Ó gòkè lọ bá Larenas, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, tó ń to àwọn ọmọ ogun sí ìlà tó sì ń wo bàtà wọn. Larenas kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpònú.

"Baba Cárcamo, ẹ ti parí ilẹ̀kùn yín?"

"Mo ti parí, sà. Ihò àsálà yàrá ìtọ́kọ̀ kò ṣí. Àwo idẹ ló jókòó lé e. Mo fẹ́ tú u."

"Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Aago mọ́kànlá ni Ọ̀gágun Àgbà ń bọ̀. Iwájú àwo yẹn ló máa dúró sí. Ó máa ka á sókè, àwọn onífèrè á fun fèrè. Kí ni kó wá kà? Ihò?"

"Ó lè kà á níbòmíràn, sà."

"Ẹ jẹ́ ká dé ná, ẹ ó tú u."

"Kí a tó dé, ènìyàn mẹ́ta ló máa wà nínú yàrá yẹn ní Golfo de Penas."

"Ọdún mẹ́fà la ti ń lọ tí a ń bọ̀." Larenas rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń kọ ọ́ lọ́dọọdún pé ó dára?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ẹ wá rí i. Bí ẹ bá ṣí i lónìí, ẹ̀ṣẹ̀ yín lẹ fẹ́ ṣí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù fún yín, baba. Ẹ lọ jẹ owó ìfẹ̀yìntì yín ní Chiloé. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo yẹn. Àṣẹ ni mo pa."

"Mo gbọ́, sà."

Láti ọgbọ̀n ọdún, bí Abdón bá ti wí pé òun gbọ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Ó lọ sí ibi àpótí rẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí náà, nínú aṣọ tó ti mu epo, ni kẹ̀kẹ́ irin tó yọ lára ọmọrí ní 1963 wà. Kò jù ú nù, torí kì í ju ohun tó bá ṣì wúlò. Ó mú un, ó mú sìpánà, òòlù, irin gígé àti ọ̀bẹ, ó sì gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ.

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Lórí èbúté, àwọn onífèrè ti ń dán fèrè wò. Ó kúnlẹ̀ ti àwo náà. Nọ́ọ̀tì bóòtì àkọ́kọ́ yí, ìkejì yí, ìkẹta pariwo kó tó yí. Ìkẹrin kọ̀, ó fi òòlù lù ú títí orí bóòtì rẹ̀ fi já.

Ọmọ ogun tó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn sáré dé. "Baba, ẹ ń ṣe kí ni? Wọ́n máa pa yín o!"

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi."

Ó gbé àwo náà kúrò, ó fi ti ìdí ìbọn ẹ̀yìn. Ọ̀dà ọdún 1963 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó tutù, ó sì ti hu ewé omi bí ara ògiri kànga. Ó gé kùkùté bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ títí kò fi sí ohun tí ènìyàn tún lè fi de nǹkan mọ́ ibẹ̀. Ó kó wọn sọ sínú òkun, bóòtì, nọ́ọ̀tì àti gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀bẹ la ọ̀dà tó yí etí ọmọrí ká, ó sì fi òòlù kan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nolasco dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. Ó ń lù ú tagbáratagbára, Abdón mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí irin náà ń mì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó dé etí rẹ̀ kò ju ti eku nínú àpótí lọ. Bí fèrè ti ń dún lórí èbúté, bí ó bá wà lórí ìdúró, kì bá tí gbọ́ ọ rárá. Ó ronú kan àwọn Sátidé tí òun ti dúró síbí tí òun ń wo bí wọ́n ṣe ń fọ idẹ. Ó ti irin gígé bọ abẹ́ ọmọrí, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ohun kan já. Ọmọrí gbéra, afẹ́fẹ́ tútù inú yàrá fẹ́ lù ú lójú, orí Nolasco sì yọ jáde pẹ̀lú gírísì ní iwájú.

Kò dápàárá. Ó kàn ní, "Baba."

"Sọ̀ kalẹ̀. Ó ku kẹ̀kẹ́ òde."

"Cárcamo!" Larenas ló ń bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Ẹ̀yin àti baba ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé orí rẹ dà rú ni? Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Nọ́ọ̀tì kan ló kù, sà." Abdón kò gbójú sókè. Ó dè é, ó yí kẹ̀kẹ́ náà wá, ó yí i lọ, ó kán epo sí i.

"Dá àwo náà padà síbẹ̀. Báyìí!"

"Bóòtì rẹ̀ ti wọ òkun, sà. Mo ti gé ìdí rẹ̀."

Nolasco ṣì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń kọrí sí etí ihò náà lápá inú, níbi tí ọ̀bẹ ti ha á. Larenas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo àwọn ojú àpá náà pẹ́, ó na ìka sí ọ̀kan, ó sì tètè fà á padà bí ẹni pé irin náà gbóná. Ó nàró.

"Kó ẹrù rẹ," ó wí. "O ò bá wa lọ. Ìwé ẹjọ́ rẹ á bá ọ nílé." Ó kọjú sí ọmọ ogun tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. "Ìwọ! Fi okùn de àwo yẹn mọ́ ìdí ìbọn níbi tó wà. Nu àpá ìka Cárcamo kúrò lára idẹ náà." Ó yára lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Abdón pa ọmọrí dé, ó ní kí Nolasco ṣí i láti inú. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Ìgbà kẹta, Nolasco fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí i. Nígbà náà ni Abdón mú ìwé àyẹ̀wò, ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó mọ́: "Ihò àsálà yàrá ìtọ́kọ̀. Láti 1963 títí di àárọ̀ òní, kò ṣí. Èmi ni mo dí i. Ó ṣí báyìí." Ó fọwọ́ sí i. Ó nu irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó dá èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó di àpò rẹ̀.

Nolasco tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn.

"Baba, ẹ bá mi sọ fún Edelmira pé kó pa milcao tèmi mọ́."

"Èyí tó tóbi?"

"Èyí tó tóbi, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Abdón di apá rẹ̀ mú. "Gbọ́. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ yín, tí omi sì wọlé, má dúró de àṣẹ òkè. Bó bá ti dé orúnkún, yí kẹ̀kẹ́. Kí àwọn méjì yẹn kọ́kọ́ jáde, kí ìwọ náà jáde."

"Mo gbọ́, baba."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Bó bá dé orúnkún, mo yí kẹ̀kẹ́."

Àṣà ni pé ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ yíjú sí àwo idẹ. Àwo náà wà nídìí ìbọn, okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Abdón kọjú sí ihò náà, ó gbé ọwọ́ sí fìlà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò lé èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mọ́tò dúdú Ọ̀gágun Àgbà kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà èbúté, àwọn onífèrè sì bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti yí sí àríwá, ibi tí ìjì ti máa ń wá ní etíkun yẹn, ó sì ń gbé orin náà lé e lẹ́yìn. Lórí òpó ọ́fíìsì èbúté, wọ́n ń fa àmì kejì tó ń kìlọ̀ ìjì ńlá sókè. Ó wò ó. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́ bó ṣe ń rìn, ó pa ọ̀bẹ náà dé, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ sí ilé Edelmira.